Àǹtí Àtẹ́wọ́ àti Orin Ẹnu Ọ̀nà

Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Àtẹ́wọ́. Kò sí ohun tó fẹ́ kọ́ wọn tí kì í fi àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ kí wọ́n wá fọwọ́, á pàtẹ́wọ́. Tó bá fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, á pàtẹ́wọ́, àwọn náà á pa á padà, ariwo á tán. Màdáámù tó ni ilé ìwé ní agogo lórí tábìlì tirẹ̀. Ó lè lù ú títí apá á fi máa ro ó, ọmọ kankan ò ní yíjú.

Ilé ìwé náà ò tóbi. Yàrá méjì ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àti àgbàlá tí wọ́n da yanrìn sí. Àwọn ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin yìí ti ń bá irú wọn ṣeré láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan tó gbé kọ́ ògiri. Orin ló mọ̀, eré ló mọ̀, ó sì máa ń mọ ọmọ tí inú ń run kí ọmọ náà tó mọ̀.

Tí họ́lídè ọdún bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ rẹ̀ á pọ̀ sí i. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń ṣọdún ládùúgbò yẹn láti ìgbà tí òun náà ti wà ní kékeré. Kì í jókòó kó máa ròyìn fún wọn. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹ bá ń sọ pé "láyé àtijọ́" fún, eṣinṣin ara ògiri ló ń wò. Orin ló fi ń kọ́ wọn, eré ló fi ń kọ́ wọn.

Eré náà nìyí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọdún, àwọn ọmọ á tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀kan nínú wọn á wà lábẹ́ aṣọ funfun ńlá. Òun ni Ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lèèyàn á máa rí. Tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọrin:

Onílé o, ṣé ẹ ti jí?
Ọdún dé, ó wà níta.
Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́,
Ẹsẹ̀ ń ro ó, ó ti rìn jìnnà.

Onílé á dáhùn látinú ilé:

Mo ti jí, mo ti wẹ̀,
Mo gbálẹ̀, mo tẹ́ní.
Ta lẹ mú wá lábẹ́ aṣọ
Tí mi ò rí imú ẹ̀?

Àwọn ọmọ á pariwo pé, "Ẹ fetí mọ̀ ọ́n! Ẹ fetí mọ̀ ọ́n!" Onílé á ṣílẹ̀kùn. Ọdún á máa kùn bí oyin lábẹ́ aṣọ, á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀. Onílé á sọ ọmọ tó jẹ́. Tó bá ṣì í, á jó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi tẹ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Kò sí ilé tí wọ́n ń fò. Àǹtí ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí: Ọdún kì í fo ilé.

Eré náà dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, ó dàrú. Ilẹ̀kùn kan ò ṣí. Òmíràn ṣí, ẹnì kan na súìtì jáde, ó sì tì í padà. Òmíràn, wọ́n pariwo mọ́ wọn látinú ilé. Kí wọ́n tó dé ìdajì àdúgbò, ọmọ tó wà lábẹ́ aṣọ ti ń sunkún, àwọn tó kù sì gbè é lẹ́kún. Àwọn òbí bá Màdáámù jà.

Ìdí nìyẹn tí Màdáámù fi pè é lọ́dún yìí.

Màdáámù kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kéré sí Àǹtí lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń bu ọlá fún un. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́."

Àǹtí ní, "Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, Màdáámù, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn."

Màdáámù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ti ra tẹlifísọ̀n ńlá kan. Eré ọdún tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orin àti ijó. Àwọn ọmọ á jókòó sínú yàrá, wọ́n á máa wò ó. Kò ní sí pé wọ́n ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé."

"Ta ló máa bá wọn ṣeré nínú tẹlifísọ̀n?"

"Wọ́n á máa wò ó ni, Àǹtí."

"Wíwò kọ́ ni eré."

Màdáámù mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ tún gbìyànjú lọ́dún yìí. Tí ọmọ kan bá tún fi ẹkún dé, ó parí. Tẹlifísọ̀n la ó máa lò."

Àǹtí dìde. Kò bá a jiyàn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbé orin náà lé àwọn ọmọ lórí. Òwúrọ̀, orin. Kí wọ́n tó sùn lọ́sàn-án, orin. Ó mú wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀. Akọ̀wé Màdáámù wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó ṣílẹ̀kùn fún Ọdún. Ó ní kí Ọdún ní sùúrù.

Àwọn ọmọ mọ orin náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Síbẹ̀ ọkàn Àǹtí ò balẹ̀. Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì mọ ohun tí í ṣe.

Ṣúméká ni ọkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní orígun títì, ó fẹ̀ tó ibi tí àga mẹ́ta lè gbà. Òórùn gọ́ọ̀mù àti awọ ló ń kíni káàbọ̀ níbẹ̀. Bàbá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìbejì náà ti lọ́mọ tiwọn, wọ́n sì ti kó lọ síbòmíràn. Tí Àǹtí bá ti ilé ìwé bọ̀, á yà síbẹ̀, á jókòó, á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, wọn á jọ máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ẹnu kun orin ọdún. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin tó ń gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní ìsàlẹ̀ títì, ń dúró de bàtà funfun rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, orin wo nìyẹn? Ó jọ pé mo mọ̀ ọ́n."

"Orin ọdún ni. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Hẹn-ẹ́n! Àwọn ọmọ kan wá kọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́dún tó kọjá. Mo fún wọn ní bisikíìtì. Wọn ò gbà á, wọn ò sì lọ. Wọ́n kàn ń wò mí. Èyí tó daṣọ borí sì ń kùn. Màmá, ẹ̀rù bà mí. Mo ti ilẹ̀kùn."

Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín, ìṣó tó fi ètè há sì fò jáde.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ń retí kó o dáhùn ni."

"Kí n dáhùn kí ni, mà?"

Àǹtí yíjú padà. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti lọ, Bàbá Ìbejì ní, "Ìyá Ìbejì, o rí i bí? Ò ń kọ́ àwọn tó máa kanlẹ̀kùn. Ta ló ń kọ́ àwọn tó máa ṣí i?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n nígbà kan."

"Nígbà kan. Àwọn tó wà nígbà kan dà? Àwọn tó o kọ́ ti kó lọ, bí àwọn ìbejì tìẹ náà ti kó lọ. Àwọn tuntun ló wà nílé wọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìwọ wá ń fi gbogbo agbára na ọwọ́ ọmọdé."

Inú bí Àǹtí, nítorí pé òótọ́ ni. Ó ní, "Kí ni kí n wá ṣe? Kí n máa pàtẹ́wọ́ fún àgbàlagbà káàkiri títì?"

Bàbá Ìbejì wo àwọn bàtà tó tò sórí pákó lẹ́yìn rẹ̀, ti àwọn òṣìṣẹ́, ti àwọn ìyàwó ilé, ti awakọ̀, ti tíṣà. Bàtà gbogbo àdúgbò ni. Ó ní, "O ò ní lọ bá wọn. Àwọn ló ń bọ̀ wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wá gba bàtà, kò ní gbà á àfi tó bá dá orin náà padà. Bàbá Ìbejì á kọ ti ọmọdé pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dà bí ayùn, oníbàárà á kọ ti onílé. Àǹtí á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa pàtẹ́wọ́.

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì sáré wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti pẹ́. Ṣé bàtà mi ti ṣetán?"

"Bàtà rẹ ti ṣetán. Ìwọ lo ò tíì ṣetán."

"Kí ni mo ṣe, sà?"

"Kọrin."

Ọkùnrin náà wo Àǹtí bóyá á gbà á sílẹ̀. Àǹtí ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúró dè é. Ó bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, "Mo ti jí, mo ti wẹ̀..."

"Gbóhùn sókè! Bàtà tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Mo gbálẹ̀, mo tẹ́ní!"

Bàbá Ìbejì ní, "Irọ́ lò ń pa, apọ́n ni ọ́, o ò gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ dára. Gba bàtà."

Àwọn kan bínú. Awakọ̀ kan ní òun á gbé bàtà òun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá Ìbejì ní kó máa lọ, ó gbé ẹsẹ̀ bàtà kan fún un, ó ní èkejì á gbọ́ orin kó tó tẹ̀ lé e. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó kọrin. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń kọ́ ara wọn lórí ìjókòó. Obìnrin onídìrí tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ní bàtà kankan tó bàjẹ́. Ó fa okùn sálúbàtà rẹ̀ já kó lè wá kọ́ orin.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn ò rí. Ọkùnrin kan wà ní òkè pátápátá nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, mẹ́gádì ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló fi ń sùn. Òun nìkan ló ń gbé. Àwọn ọmọ ń pè é ní Bàbá Ẹ Dákẹ́, nítorí pé tó bá ti ṣílẹ̀kùn, ohun tó máa sọ nìyẹn, á sì tì í. Bàtà rọ́bà ló ń wọ̀. Bàtà rọ́bà ò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ ṣúméká.

Àǹtí gun òkè lọ bá a lẹ́ẹ̀kan. Ó kanlẹ̀kùn. Ohùn kan wá látinú ilé: "Ẹ dákẹ́!" Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n tò jáde. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin. Lẹ́yìn náà, ohùn òṣìṣẹ́ báńkì bú jáde látinú yàrá, ó pariwo ju bó ṣe yẹ lọ: "Mo ti jí, mo ti wẹ̀!" Àwọn ọmọ fò sókè. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ orúkọ tí kì í ṣe ti ọmọ kankan níbẹ̀, ó sì jó bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn. Ilé kan ń dáhùn tẹ̀ lé ilé kan. Awakọ̀ dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìbejì, ó ti jókòó bí adájọ́. Kò fetí sílẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ Ọdún ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ wò.

Ó ní, "Ẹ fẹ́ tàn mí? Èmi ni mo lẹ bàtà yìí. Ọmọ alágbàfọ̀ ni!"

Àwọn ọmọ ṣí aṣọ. Ọmọ onídìrí ló yọjú, ọmọbìnrin kékeré tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n ti pààrọ̀ bàtà lẹ́yìn ògiri. Ọmọ alágbàfọ̀ wà lẹ́yìn, bàtà ẹlòmíràn ń fún un lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ta ló kọ́ yín ní jìbìtì?"

Àǹtí ní, "Dìde, kó o jó." Ó jó. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Wọ́n wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nọ́ọ̀sì dáhùn, ó sì jó. Ẹlẹ́rìn-ín ṣì wà lábẹ́ aṣọ, ó kọ̀ láti bọ́ ọ. Wọ́n dé òkè pátápátá. Àǹtí na ọwọ́ sí wọn, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀. Ẹni ibí ń sùn."

Ọmọ tó ṣáájú wò ó. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ pé Ọdún kì í fo ilé."

Òun ló fi àtẹ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí. Kó tó ronú, wọ́n ti pàtẹ́wọ́, wọ́n ti ń kọrin.

Kò sí ìdáhùn. Wọ́n tún un kọ. Ọmọ kan ti ń ká ètè, ẹkún ń bọ̀. Àǹtí rí i. Ó rí tẹlifísọ̀n yẹn lójú rẹ̀ kedere.

Ilẹ̀kùn ṣí wàà. Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, oorun ṣì wú sójú rẹ̀. "Ẹ dákẹ́!"

Wọ́n dákẹ́.

Àǹtí ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ọmọdé ni wọ́n."

Ọkùnrin náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣọ funfun tó dúró níwájú rẹ̀, tó ń kùn, ló ń wò. Ó ní, "Ta lẹ mú wá lábẹ́ aṣọ yìí?"

Ohun tí àwọn ọmọ ń retí láti àárọ̀ nìyẹn. Wọ́n fi gbogbo ọ̀fun wọn pariwo: "Ẹ fetí mọ̀ ọ́n! Ẹ fetí mọ̀ ọ́n!"

"Fetí mọ̀ ọ́n?" Ó tẹ etí sílẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó di ẹ̀rín mẹ́nu pinpin. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jẹ́ kó fò lẹ́ẹ̀kan."

Ẹlẹ́rìn-ín fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ gbì.

"Ọmọ onídìrí ni. Láràárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sùn, òun ló ń sáré lọ sí ilé ìwé bí ẹni tí ajá ń lé. Tó bá ku àtẹ̀gùn mẹ́ta, á fò wọ́n. Gbì! Ta ni ò mọ gbì yẹn?"

Ẹ̀rín bú lábẹ́ aṣọ. Àwọn ọmọ ṣí i. Òun ni lóòótọ́. Gbogbo ilé tí wọ́n ti lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n àfi ẹni yìí.

Ọkùnrin náà ti na ọwọ́ sí òmíràn. "Ìwọ, o máa ń fi igi gbo irin àtẹ̀gùn. Ìwọ, tó o bá wá bá wọn ṣeré, o máa ń wọ́ bàtà nílẹ̀ bí arúgbó. Ìwọ lo máa ń ka àtẹ̀gùn sókè, tó o bá dé mẹ́fà, o máa ń fo méje."

Wọ́n rọ́ mọ́ ọn. "Èmi ńkọ́, Bàbá? Èmi ńkọ́?" Ẹni tó fẹ́ sunkún tẹ́lẹ̀ ló pariwo jù.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, wọ́n yíjú sí Àǹtí. Ẹni tó bá ṣì í á jó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ńkọ́? Àǹtí rí i pé òun ò kọ́ wọn ní ìyẹn rárá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti mọ̀ ọ́n, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Ó ní, "Ẹni tó bá mọ Ọdún, òun ló ń di Ọdún. Aṣọ kàn án."

Ọkùnrin náà ní, "Ta ni? Èmi kẹ̀? Mo ń lọ síbi iṣẹ́ láìpẹ́."

"Ilé kan ló kù, ọ̀gá mi. Ilé ìwé ni."

Ó họ orí. Ẹlẹ́rìn-ín ti na aṣọ sí i, apá rẹ̀ ò gùn tó. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó.

Màdáámù àti àwọn òbí ń dúró ní ilé ìwé. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọ̀nà láti wo ọmọ tó ń sunkún. Ohun tí wọ́n rí ni aṣọ funfun kan tó ga ju Àǹtí lọ, ẹsẹ̀ gbọọrọ méjì nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ sì fà á lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì kó má fẹsẹ̀ kọ.

Wọ́n kọrin. Màdáámù dáhùn, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé rẹ̀ láti ìgbà yìí wá. Nígbà tó dé ibi tí á ti mọ Ọdún, Ọdún kùn lábẹ́ aṣọ bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata.

Màdáámù wo ẹsẹ̀ náà. "Háà. Èyí ò le. Bàbá Ìbejì ni."

Bàbá Ìbejì, tó ti ti ṣọ́ọ̀bù wá dúró láàárín àwọn òbí, sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Màdáámù, èmi rèé o."

Àwọn ọmọ ya aṣọ sílẹ̀. Àwọn òbí tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pariwo. Ọkùnrin náà ń ṣẹ́jú nínú ìmọ́lẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ká sókè. Onídìrí ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyí?" Ó ní òun ni, òun náà ò gbà á gbọ́.

Àǹtí ní, "Màdáámù, ijó kàn yín."

"Àǹtí, níwájú àwọn òbí?"

Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn òbí sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Màdáámù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi lé akọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jó. Ó mọ ijó jó ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nígbà tó fẹ́ dúró, àwọn ọmọ ní kò tíì tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó sinmi, ó wá bá Àǹtí, ó ń nu òógùn. Ó ní, "Tẹlifísọ̀n yẹn á dára lọ́jọ́ òjò."

Àǹtí ní, "Á dára gan-an, mà."

Mẹ́gádì ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn òbí ni ò fẹ́ lọ. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé orin náà ní ẹsẹ kejì.

Àǹtí ní, "Ó ní. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó sórí àwọn àga kékeré nínú yàrá, orúnkún wọn ga dé àgbọ̀n, wọ́n ń dúró kó bẹ̀rẹ̀.